Àyẹ̀wò Àwọn Ìṣẹ̀dá Garrett Morgan àti Ohun tí Páténtì Lè Dáàbò Bò

Àṣamọ̀

Orúkọ Garrett Augustus Morgan (1877–1963), ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, wọ́pọ̀ nínú àwọn ìwé tí ń sọ nípa àwọn ènìyàn dúdú tí ó ṣẹ̀dá ẹ̀rọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń sọ ni pé òun ni ó kọ́kọ́ ṣe ìbòjú tí ń dènà gáàsì, òun náà ni ó sì kọ́kọ́ ṣe ohun èlò tí ń darí ọkọ̀ ní oríta. Pépà yìí gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò láti inú ohun tí Morgan gba páténtì lé lórí gan-an. Ó fi hàn pé kì í ṣe òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n pé ohun tí ó fi kún ìmọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀ ṣe kedere, ó sì wúlò. Pépà náà tún ṣe àlàyé ohun tí páténtì dáàbò bò fún Morgan àti ohun tí kò lè dáàbò bò, ó sì dá àbá bí olùkọ́ ṣe lè fi ìtàn náà kọ́ ọmọ láìsí àbùmọ́.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀dá ẹ̀rọ mu púpọ̀. Kò sí ẹ̀rọ kan tí ó jáde láti inú orí ẹnì kan ṣoṣo láìjẹ́ pé àwọn kan ti la ọ̀nà sílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìtàn ìṣẹ̀dá bá dé inú kíláàsì, bí ìdáhùn ìdánwò ni ó sábà máa ń rí: ta ni ó kọ́kọ́ ṣe èyí? Ta ni ó kọ́kọ́ ṣe tọ̀hún? Akẹ́kọ̀ọ́ á há orúkọ àti ọdún sórí, kò sì ní mọ ìṣòro tí ẹni náà dojú kọ tàbí ọgbọ́n tí ó fi yanjú rẹ̀.

Ewu méjì ni ó wà nínú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Èkíní ni pé ọmọ kò ní kọ́ bí wọ́n ṣe ń ronú. Èkejì, tí ó burú jù ú lọ, ni pé ọ̀pọ̀ nínú ìdáhùn tí wọ́n ń há sórí kì í ṣe òótọ́. Ọ̀rọ̀ Garrett Morgan jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì. Nítorí pé ènìyàn dúdú ni, tí ó sì jìyà ẹlẹ́yàmẹ̀yà, àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ fẹ́ gbé e ga, wọ́n sì fi ohun tí kò ṣe kún ohun tí ó ṣe. Èrò tí pépà yìí gbé kalẹ̀ ni pé àbùmọ́ náà kò ṣe é ní oore, àti pé ohun tí ó ṣe ní ti gidi tó láti fi kọ́ ọmọ ènìyàn.

2.0 Ohun tí Páténtì Jẹ́

Páténtì ni ìwé àṣẹ tí ìjọba fi fún ẹni tí ó ṣẹ̀dá ohun kan, kí ẹlòmíràn má baà ṣe ohun náà, kí ó má baà tà á, kí ó má sì lò ó fún òwò láìgba ìyọ̀ǹda, títí iye ọdún kan yóò fi pé. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń fúnni ní àṣẹ yìí. Aṣẹ̀dá gbọ́dọ̀ kọ àlàyé ohun tí ó ṣe sílẹ̀, pẹ̀lú àwòrán níbi tí ó bá yẹ, débi pé oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn tí ó bá mọ iṣẹ́ náà yóò lè ṣe irú rẹ̀. Nígbà tí ọdún náà bá pé, ohun náà di ti gbogbo ayé.

Níbí ni páténtì ti yàtọ̀ sí bí àwùjọ Yorùbá ìgbà ìwáṣẹ̀ ṣe ń dáàbò bo ọgbọ́n iṣẹ́. Nínú ìdílé alágbẹ̀dẹ, ìdílé aláró tàbí ìdílé onífá, ìpamọ́ ni ààbò. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìdílé tàbí ọmọ iṣẹ́ kò ní rí ojú ọgbọ́n náà. Ní ti páténtì, ìtúsíta gan-an ni owó tí aṣẹ̀dá fi ra ààbò.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, òfin ọdún 1970 tí ó dá lórí páténtì sọ pé ìṣẹ̀dá gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, ó gbọ́dọ̀ ti inú làákàyè aṣẹ̀dá jáde, ó sì gbọ́dọ̀ ṣeé lò nínú iṣẹ́ ilé-iṣẹ́. Ogún ọdún ni ààbò náà ń lò. Òfin kan náà gbà pé àtúnṣe sí ohun tí ẹlòmíràn ti ṣẹ̀dá lè gba páténtì tirẹ̀, bí àtúnṣe náà bá kúnjú ìwọ̀n ohun mẹ́ta wọ̀nyí. Ní Amẹ́ríkà ní ìgbà ayé Morgan, ọdún 17 láti ọjọ́ tí wọ́n bá fi páténtì fúnni ni ààbò máa ń lò.

Kókó tí ó yẹ kí olùkọ́ dì mú nínú àlàyé yìí ni pé páténtì kì í sọ pé ẹnì kan ni ó ṣẹ̀dá irú ohun kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé ọ̀nà kan pàtó láti ṣe ohun náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú àlàyé tí aṣẹ̀dá kọ, jẹ́ tirẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè gba páténtì lórí títì ilẹ̀kùn, láìsí pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ni ó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn.

3.0 Ìgbà Èwe àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Morgan

Claysville, nítòsí ìlú Paris ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ni wọ́n ti bí Garrett Morgan ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, ọdún 1877. Àwọn òbí rẹ̀ ti jẹ́ ẹrú rí kí òfin tó tú ẹrú sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni ó rí kà ní ilé-ìwé. Nígbà tí ó tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ó kúrò nílé lọ sí Cincinnati láti wá iṣẹ́, níbi tí ó ti ń fi nínú owó tí ó ń rí san owó fún olùkọ́ tí ń kọ́ ọ ní ìwé sí i. Ní ọdún 1895, ó kọjá sí Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ìlú yìí ni ó gbé títí ó fi jáde láyé ní ọjọ́ 27 oṣù Keje, ọdún 1963.

Ìlú ilé-iṣẹ́ ni Cleveland nígbà náà. Irin, ọkọ̀ àti aṣọ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ aṣọ ni Morgan bá pàdé, iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ni ó sì ń ṣe. Ní ọdún 1907, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ níbi tí ó ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, tí ó sì ń tà wọ́n. Ní ọdún 1908, ó fẹ́ Mary Hassek, aránṣọ tí ó mọ iṣẹ́ náà dáadáa, ní ọdún 1909 àwọn méjèèjì dá ilé ìtajà aṣọ obìnrin sílẹ̀. Ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe a máa rí ibi tí ẹ̀rọ ti ń dá oníṣẹ́ lágara ju ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ náà lọ. Ibi yìí ni ìmọ̀ Morgan ti bẹ̀rẹ̀.

4.0 Àwọn Ìṣẹ̀dá Rẹ̀

4.1 Abẹ́rẹ́ tí ń Jó Aṣọ

Ìṣòro àkọ́kọ́ tí ó tọ́ka sí níhìn-ín wá láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ a máa lọ sókè sódò kíákíá, ìfarakanra rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ a sì máa mú un gbóná. Bí aṣọ náà bá jẹ́ ti irun àgùntàn, abẹ́rẹ́ gbígbóná náà a máa jó o. Morgan ń wá òróró kan tí yóò mú abẹ́rẹ́ dán, kí ó má baà gbóná tó bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí ìdílé rẹ̀ àti àwọn tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ ń sọ, ó fi àkísà nu òróró náà kúrò lọ́wọ́, nígbà tí ó sì padà dé, ó rí i pé irun ara àkísà náà ti nà gbọọrọ. Ó dán an wò lára ajá aládùúgbò kan, lẹ́yìn náà ó dán an wò lórí ara rẹ̀.

Láti inú èyí ni òwò ìpara irun tí ó gbé orúkọ rẹ̀ ti jáde, G. A. Morgan Hair Refining Company. Òwò yìí ni ó fún un ní owó tí ó fi ṣe àwọn iṣẹ́ ìṣẹ̀dá tí ó tẹ̀ lé e. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí ni pé ohun tí Morgan wá kọ́ ni ó rí. Ṣùgbọ́n kì bá tí rí i bí kò bá jẹ́ pé ó ń wá nǹkan, kì bá sì tí mọ iyì rẹ̀ bí kò bá jẹ́ pé ó ní sùúrù láti wo àkísà lẹ́ẹ̀kejì.

4.2 Ìbòrí fún Ẹni tí ń Wọ Inú Èéfín

Ní oṣù Kẹta ọdún 1911, iná jó ilé-iṣẹ́ aṣọ Triangle ní New York, òṣìṣẹ́ 146 ni ó sì bá a lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tí ń ránṣọ. Ọ̀rọ̀ ààbò òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ iná gba ẹnu gbogbo ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1912 ni Morgan fi ìwé sílẹ̀ láti gba páténtì lórí ìbòrí kan fún panápaná àti ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ bá gbé wọ inú èéfín. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1914, wọ́n fún un ní páténtì nọ́ńbà 1,113,675.

Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ kò ṣòro lóye fún ẹni tí ó bá ti wọ ilé ìdáná onígi rí. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé òkè ni èéfín ń gbà. Ìdí nìyí tí àjà ilé ìdáná fi máa ń dúdú fún èédú, tí àwọn àgbà fi ń so àgbàdo irúgbìn kọ́ sókè ààrò kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, àti ìdí tí ẹni tí ń fẹ́ná fi máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ má baà ta. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, ó sì ń gbé èéfín gòkè. Afẹ́fẹ́ tí ó tutù, tí ó ṣeé mí, a máa wà nísàlẹ̀ nítòsí ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n panápaná kò lè máa fà nílẹ̀ bí ejò kí ó sì máa gbé ènìyàn jáde.

Ohun tí Morgan ṣe ni pé ó jẹ́ kí ọkùnrin náà dúró, ó sì rán ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ṣe ìbòrí tí ó bo orí pátápátá, tí ó ní ibi tí ojú ń gbà ríran. Láti ara ìbòrí náà ni ọ̀pá gígùn tí ó rọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìtòsí ilẹ̀. Ní ẹnu ọ̀pá náà nísàlẹ̀, ó fi ohun tí ń fa omi mu bíi kànìnkànìn sí i. Wọn yóò fi omi rin ín kí wọ́n tó wọlé, kí ó lè sẹ́ ìdọ̀tí èéfín kúrò, kí ó sì mú afẹ́fẹ́ tutù. Ọ̀nà mìíràn wà tí èémí tí ènìyàn mí síta ń gbà jáde.

Kì í ṣe Morgan ni ó kọ́kọ́ ronú ohun tí ènìyàn lè fi bo imú. Lewis Haslett ti gba páténtì ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1849 lórí ohun èlò tí ń sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́. John Tyndall, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣe ìbòjú fún panápaná ní nǹkan bí ọdún 1871. Bákan náà, ìbòjú tí àwọn ọmọ-ogun lò nínú Ogun Àgbáyé Kìíní kò ti ara tirẹ̀ jáde. Èédú àti oògùn tí ń pa májèlé inú afẹ́fẹ́ ni tiwọn ń lò, nítorí pé gáàsì ogun a máa wúwo, ìsàlẹ̀ gan-an ni ó sì máa ń gbé. Ẹni tí ó bá fi ọ̀pá Morgan mí nínú irú gáàsì bẹ́ẹ̀, ibi tí ikú pọ̀ sí jù ni ó ń mí láti ibẹ̀. Tuntun tí ó wà nínú ìbòrí Morgan ni bí ó ṣe lo àbùdá èéfín fúnra rẹ̀, láìsí àgbá afẹ́fẹ́ tí ó wúwo, láìsí ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́, tí ènìyàn sì lè gbé e wọ̀ ní kíákíá.

4.3 Ihò Abẹ́ Adágún Erie, Ọdún 1916

Ìdánwò tí ó le jù dé ní oṣù Keje ọdún 1916. Ìjọba ìlú Cleveland ń gbẹ́ ihò kan gba abẹ́ adágún Erie, kí wọ́n lè máa fa omi mímọ́ láti àárín adágún wá sí ìlú. Gáàsì tí ó wà nínú ilẹ̀ kóra jọ sínú ihò náà, ó sì bú gbàmù. Àwọn òṣìṣẹ́ há sísàlẹ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ wọlé láti gbà wọ́n là kò ní ohun tí wọ́n fi lè mí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì padà wá.

Ẹnì kan rántí Morgan, wọ́n sì ránṣẹ́ pè é ní òru. Òun àti Frank arákùnrin rẹ̀ kó ìbòrí wá, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n sì wọ inú ihò náà pẹ̀lú àwọn tí ó fara mọ́ wọn. Wọ́n gbé ènìyàn méjì jáde tí ẹ̀mí wọn kò bọ́, wọ́n sì gbé òkú àwọn mìíràn. Ní àwùjọ tí ẹ̀rù ti ń ba gbogbo ènìyàn láti wọlé, ẹni tí ó ṣe ohun èlò náà ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dán an wò.

4.4 Ohun Èlò tí ń Darí Ọkọ̀ ní Oríta

Ní ọdún 1922, Morgan tún fi ìwé sílẹ̀ fún ìṣẹ̀dá mìíràn. Wọ́n fún un ní páténtì nọ́ńbà 1,475,024 ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá, ọdún 1923. Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, kẹ̀kẹ́ ológeere àti àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn ń du ojú títì kan náà. Àwọn tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé ìjàǹbá kan tí ó ṣojú rẹ̀ ní oríta ni ó mú un ronú sí ọ̀rọ̀ náà.

Níbí pẹ̀lú, àwọn kan ti ṣáájú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1868, wọ́n gbé ohun èlò kan tí John Peake Knight ṣètò kalẹ̀ nítòsí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Gáàsì ni wọ́n fi ń tan iná rẹ̀ ní alẹ́. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ó bú gbàmù, ó sì ṣe ọlọ́pàá tí ń bójú tó o léṣe. Ní Cleveland gan-an, níbi tí Morgan ń gbé, iná mànàmáná pupa àti aláwọ̀ ewé ti ń darí ọkọ̀ ní oríta Euclid Avenue àti East 105th Street láti oṣù Kẹjọ ọdún 1914, gẹ́gẹ́ bí ètò tí James Hoge ṣe. Ní Detroit ní ọdún 1920, ọlọ́pàá kan tí ń jẹ́ William Potts ti fi iná aláwọ̀ mẹ́ta lélẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé Morgan ni ó kọ́kọ́ ṣe iná oríta, irọ́ ni ó fi kọ́ ọ. Ohun tí Morgan gba páténtì lé lórí kì í tilẹ̀ ṣe iná.

Òpó kan ni, tí ó ní apá tí wọ́n kọ àṣẹ ìdúró àti ìlọ sí lára. Ọlọ́pàá a máa fi ọwọ́ yí irin kan ní ìdí òpó náà, apá náà a sì máa yí padà tàbí kí ó gbéra sókè. Ìṣòro tí Morgan dojú kọ ni ti ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ó wà láàárín ìlọ àti ìdúró. Níbi tí àṣẹ méjì péré bá wà, bí wọ́n ṣe ń dá ọkọ̀ ìhà kan dúró ni wọ́n ń tú ti ìhà kejì sílẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ti wọ àárín oríta kò tíì jáde, èyí tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ti ń bọ̀. Ẹni tí ń fẹsẹ̀ kọjá wà láàárín méjèèjì. Morgan fi ipò kẹta kún un: apá yóò gbéra sókè, gbogbo ìhà yóò sì dúró. Oríta yóò ṣófo, àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn yóò kọjá, kí wọ́n tó tú ìhà kejì sílẹ̀. Ó tún ṣètò pé ní alẹ́, nígbà tí ọlọ́pàá kò bá sí níbẹ̀, apá náà yóò wà ní ìdajì òkè, kí ẹni tí ń bọ̀ mọ̀ pé kí òun rọra.

Ó jẹ́ ohun tí ó rọrùn láti ṣe, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Oríta tí kò ní iná mànàmáná pàápàá lè lò ó.

5.0 Ọ̀nà Ìrònú Kan Náà

Ní ojú lásán, ẹ̀rọ ìránṣọ, èéfín àti oríta kò ní ohun tí ó pa wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tẹ̀ lé ìrònú tí ó wà lẹ́yìn wọn, ọ̀nà kan náà ni ó hàn.

Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tí ìṣòro ń bá fínra ni Morgan ti ń bẹ̀rẹ̀: aránṣọ tí aṣọ rẹ̀ jó, panápaná tí èémí ń há, ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn tí ọkọ̀ fẹ́ gbá. Lẹ́yìn náà, ó a wá ibi kan pàtó tí ewu wà. Ewu abẹ́rẹ́ wà níbi tí irin ti ń fi ara kan aṣọ. Ewu èéfín wà ní ibi gíga tí imú ènìyàn wà bí ó bá dúró. Ewu oríta kò sí nínú ìlọ, kò sì sí nínú ìdúró, àárín méjèèjì ni ó wà. Paríparí rẹ̀, ohun kékeré tí ó ti wà nílẹ̀ ni ó ń lò láti fi kún àlàfo náà: òróró, ọ̀pá rírọ̀, kànìnkànìn, irin tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí.

Ẹni tí ó bá ń wá ohun ìyanu lè fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn ohun èlò wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ yóò mọ̀ pé rírí ibi tí ewu wà gan-an ni ó ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀.

6.0 Ohun tí Páténtì Kò Lè Dáàbò Bò

Páténtì fún Morgan ní ẹ̀tọ́ lórí ìbòrí rẹ̀ títí di ọdún 1931, ó sì fún un ní ẹ̀tọ́ lórí òpó oríta títí di ọdún 1940. Òfin kò béèrè àwọ̀ ara rẹ̀. Ìwé páténtì kì í sọ bóyá aṣẹ̀dá jẹ́ ènìyàn dúdú tàbí òyìnbó. Nítorí èyí, nígbà tí Henry E. Baker, ènìyàn dúdú tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ páténtì Amẹ́ríkà, fẹ́ mọ iye àwọn ènìyàn dúdú tí ó ti gba páténtì ní nǹkan bí ọdún 1900, lẹ́tà ni ó ní láti máa kọ kiri sí àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn mìíràn láti fi béèrè.

Ọjà kò dà bí òfin. Nígbà tí Morgan ń polówó ìbòrí rẹ̀ ní àwọn ìlú tí ó wà ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀gá panápaná kò ní ra ohun tí ènìyàn dúdú ṣe. Ó gba òyìnbó kan láti máa dúró bí ẹni pé òun ni aṣẹ̀dá. Morgan fúnra rẹ̀ a wá múra bí ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, yóò sọ pé Big Chief Mason ni orúkọ òun, yóò wọ ìbòrí náà, yóò sì wọ inú àgọ́ tí wọ́n ti fi èéfín olóòórùn kún. Ó ṣe irú rẹ̀ ní New Orleans ní ọdún 1914. Ọdún kan náà tí ìjọba kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣẹ̀dá ohun náà ni ó ń fi orúkọ mìíràn tà á.

Ìṣẹ̀lẹ̀ abẹ́ adágún Erie ni ó tú àṣírí náà. Bí ìròyìn ìgboyà rẹ̀ ṣe ń tàn ni wọ́n ń mọ̀ pé ènìyàn dúdú ni, àwọn kan tí ì bá rà á sì fà sẹ́yìn. Àjọ Carnegie Hero Fund kò fún un ní àmì-ẹ̀yẹ akọni. Morgan kọ lẹ́tà sí olórí ìlú Cleveland láti fi ẹ̀hónú rẹ̀ hàn. Àwọn ará ìlú kan ni ó dáwó jọ láti fún un ní àmì-ẹ̀yẹ tiwọn ní ọdún 1917. Ní ọdún 1991 ni ìlú Cleveland tó fi orúkọ rẹ̀ pe ilé-iṣẹ́ omi, ní ọdún 2005 sì ni wọ́n tó ka orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn aṣẹ̀dá ńlá ní National Inventors Hall of Fame.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ní ojú méjì. Páténtì lè dáàbò bo ohun èlò, kò lè dáàbò bo iyì ẹni tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ìwé náà wà. Nígbà tí Big Chief Mason ti di ohun ìgbàgbé, orúkọ Garrett A. Morgan ṣì wà lára àwòrán tí ó yà àti àlàyé tí ó fọwọ́ sí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.

7.0 Ìwúlò fún Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́

Òwe náà kò yọ irọ́ tí wọ́n fi ń gbé Morgan ga sílẹ̀. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ pé Morgan ni ó kọ́kọ́ ṣe iná oríta yóò rí ìtàn Lọ́ńdọ̀nù ti ọdún 1868 ní ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ náà, kò ní ṣiyèméjì nípa iná oríta nìkan, yóò máa ṣiyèméjì nípa gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ fún un nípa ọgbọ́n ènìyàn dúdú. Ẹni tí ó fẹ́ gbé ẹ̀yà rẹ̀ ga ni ó yẹ kí ó ṣọ́ra jù fún àbùmọ́.

Dípò ìbéèrè nípa ẹni àkọ́kọ́, olùkọ́ lè gbé ìbéèrè mẹ́rin kalẹ̀ fún ìṣẹ̀dá yòówù tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ:

(i) Ta ni ìṣòro yìí ń bá fínra?
(ii) Ibo gan-an, tàbí ìgbà wo gan-an, ni ewu wà?
(iii) Kí ni àwọn tí ó ṣáájú ti ṣe sí i?
(iv) Kí ni aṣẹ̀dá yìí fi kún un?

Olùkọ́ tún lè fi ojú ọmọ rí ìdí ọ̀rọ̀ ìbòrí Morgan. Kí ó gbé àbẹ́là méjì kalẹ̀ lórí àwo, kí ọ̀kan gùn, kí èkejì kúrú, kí ó tan méjèèjì, kí ó sì fi ìgò ńlá tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ dé wọn. Èyí tí ó gùn ni yóò sábà kọ́kọ́ kú, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó ti jó tán ń gòkè lọ kóra jọ sókè ìgò. Kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni kí ó mú iná náà dání, kí àwọn ọmọ sì jìnnà díẹ̀. Lẹ́yìn èyí, bí ó bá bi wọ́n léèrè ibi tí ó yẹ kí imú ẹni tí ó há sínú èéfín wà, wọn yóò dáhùn fúnra wọn. Ẹ̀kọ́ náà lè gba ẹ̀mí là ní ilé wọn.

Ní ti oríta, kí ó mú wọn lọ sí orí pápá, kí ó fi ẹfun fa oríta, kí àwọn kan jẹ́ ọkọ̀, kí ẹnì kan jẹ́ ọlọ́pàá. Kí wọ́n kọ́kọ́ lo àṣẹ méjì, lẹ́yìn náà kí wọ́n lo mẹ́ta. Ìyàtọ̀ náà yóò hàn sí wọn láìsí pé ẹnikẹ́ni há ọdún kankan sórí.

8.0 Ìkádìí

Pépà yìí ti fi hàn pé àwọn ìṣẹ̀dá Garrett Morgan, bí wọ́n tilẹ̀ wà fún iṣẹ́ tí ó yàtọ̀ síra, ti inú ọ̀nà ìrònú kan jáde: kí ènìyàn wo ibi tí ewu wà gan-an, kí ó sì fi ohun tí ó rọrùn dí i. Ó ti fi hàn pé páténtì ni ẹ̀rí tí ó dájú jù nípa ohun tí aṣẹ̀dá kan ṣe àti ohun tí kò ṣe, nítorí pé ó ní ààlà. Ó sì ti fi hàn pé òfin lè fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ nígbà tí àwùjọ kò tíì ṣetán láti fún un ní ọ̀wọ̀.

Ọ̀wọ̀ tí àwùjọ Morgan fi dù ú kò ṣeé fi àbùmọ́ san padà. Ohun tí olùkọ́ lè ṣe fún un ni kí ó sọ ohun tí ó ṣe bí ó ṣe ṣe é: pé ní oríta tí gbogbo ènìyàn ti ń wo ìlọ àti ìdúró, òun ni ó wo àárín wọn, àti pé nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tí yóò wọ inú ihò abẹ́ omi, ó wọ ìbòrí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ó sì wọlé.